Oúnjẹ Tí Inú Àwọn Ẹlẹ́dẹ̀ Sùwéébátù Kò Gbà

Àwọn adìẹ Ìyá Jésùlayọ̀mi ni wọ́n kọ́kọ́ jẹ́ kí Sùwéébátù mọ̀ pé nǹkan kò lọ déédéé. Bí ó bá ti kó ìgbẹ́ ẹlẹ́dẹ̀ láàárọ̀, tí ó dà á sí ẹ̀yìn ọgbà, àwọn adìẹ náà yóò fò wá láti ilé kejì, wọn a máa fi ẹsẹ̀ tú u, wọn a máa ṣà á jẹ bí ẹni pé wọ́n fọ́n ọkà sílẹ̀ fún wọn. Ó kọ́kọ́ ń lé wọn. Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀, ó wo ohun tí wọ́n ń ṣà. Àgbàdo ni. Àgbàdo tí òun fúnra rẹ̀ gbé lọ sí ẹ̀rọ, tí ó pò, tí ó bù fún ẹran, òun náà ló tún ń jáde ní ìdí wọn ní wóró-wóró.

"Ìyá Mọ́láyọ̀, ẹ ṣeun o," ni Ìyá Jésùlayọ̀mi ń wí láti orí fẹ́ǹsì. "Ẹ ń bá mi bọ́ adìẹ."

Sùwéébátù rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò dé inú. Kì í ṣe ti àgbàdo nìkan. Ìgbẹ́ náà kò dì mọ́, ó ń ṣàn bí ògì tí omi pọ̀ jù nínú rẹ̀, ó ń dán, ó sì ń rùn ju bí ìgbẹ́ ẹlẹ́dẹ̀ ti máa ń rùn lọ. Àwọn ọ̀dọ́ ẹlẹ́dẹ̀ tó yẹ kí wọ́n ti máa yí gbirigbiri, eegun ẹ̀yìn wọn ti yọ síta, irun wọn dúró gan-an bí ìgbálẹ̀. Wọ́n sì ń jẹun o! Kò sí ọjọ́ kan tí wọ́n kọ oúnjẹ. Wọn a jẹ ẹ́ tán, wọn a tún máa ké bí ẹran tí kò rí nǹkan jẹ láti àná.

Ọmọ Ìfọ̀ ni Sùwéébátù. Bàbá rẹ̀, Yínúsà, ni gbogbo èrò ọjà ń pè ní Bàbá Ẹlẹ́rọ, nítorí òun ló ń lọ èlùbọ́ àti ọkà fún wọn láti ìgbà tí púpọ̀ nínú wọn ti wà ní kékeré. Inú eruku èlùbọ́ ni Sùwéébátù dàgbà sí. Ibẹ̀ náà ni ó ti pàdé Ládélé, ọmọ onígbàgbọ́ láti Èkó, tí ó mọ ẹ̀rọ tún ṣe, tí wọ́n bẹ̀ pé kí ó wá wo ẹ̀rọ bàbá nígbà tí ẹ̀rọ náà dákú. Ládélé tún ẹ̀rọ ṣe, ó sì ń padà wá wò ó lẹ́yìn tí ẹ̀rọ náà ti yá tán. Gbogbo ènìyàn mọ ohun tí ó ń wá. Yínúsà kò fẹ́ fún onígbàgbọ́ lọ́mọ, ṣùgbọ́n nígbà tí ó rí i pé ọmọ òun ti fi ọkàn síbẹ̀, ó ní, "Kí ó ṣáà tọ́jú rẹ." Ó sì gbàdúrà fún wọn.

Ìgbà tí ilé iṣẹ́ tí Ládélé ń bá ṣe ní Ìkẹjà ti ilẹ̀kùn pa ni wọ́n kó wá sí Ìbàfò, níbi tí wọ́n ti ra ilẹ̀ kékeré kan nígbà tí igbó ṣì pọ̀ níbẹ̀. Ládélé kọ́ ilé ẹlẹ́dẹ̀ sí ìsàlẹ̀ ọgbà. Yínúsà kò mọ̀. Ó wá kí wọn lọ́jọ́ kan, ó ń jẹ ẹ̀kọ lọ́wọ́ nínú pálọ̀, ni ẹlẹ́dẹ̀ kan bá ké lẹ́yìnkùlé. Ó gbé ẹ̀kọ sílẹ̀. Ó béèrè omi, ó fọ ọwọ́ rẹ̀. "Sùwéébátù, n kò bá ọ jà," ni ó wí. "Ṣùgbọ́n n kò ní jẹun, n kò ní mu omi, níbi tí wọ́n ti ń sin ẹran yìí." Ó wọ bàtà rẹ̀, ó lọ. Láti ọjọ́ náà, bí ó bá fẹ́ rí ọmọ rẹ̀, Ìfọ̀ ni ọmọ náà ń lọ.

Iṣẹ́ ẹlẹ́dẹ̀ dára lọ́wọ́ Ládélé. Ẹni tí ó ti ń fetí sí ẹ̀rọ láti kékeré, ó mọ bí a ti ń fetí sí ẹran. Òun fúnra rẹ̀ ló ń yan ẹ̀wà sóyà, tí ó ń jọ̀ dọ́sà, ìyẹn eèrí ọkà, tí ó ń fi epo díẹ̀ sí oúnjẹ kí ẹran lè tètè sanra. "Ẹran tí kò rí ọ̀rá jẹ, níbo ni yóò ti rí ọ̀rá?" ni ó máa ń wí. Nígbà tí epo pupa gbówó lórí, ó bá ilé oúnjẹ kan lójú títì márosẹ̀ ṣe àdéhùn, níbi tí àwọn awakọ̀ tírélà ti ń jẹun, pé kí wọ́n máa ta òróró tí wọ́n ti fi dín nǹkan fún òun. Ní ìgbà náà, òun ló ń lọ gbé e. Yóò gbóòórùn rẹ̀, yóò fi ìka kàn án, èyí tí kò bá dára, yóò fi sílẹ̀ níbẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ ìsinmi kan, tí wọ́n ń múra ṣọ́ọ̀ṣì, kọ́ọ̀bù tíì bọ́ lọ́wọ́ Ládélé. Ó bẹ̀rẹ̀ láti mú un, kò sì lè dìde mọ́. Apá ọ̀tún àti ẹsẹ̀ ọ̀tún kú, ẹnu wọ́, ọ̀rọ̀ di ohun tí ó ń wá lẹ́yọ-lẹ́yọ bí ẹni tí ń fa omi nínú kànga jíjìn. Láti ìgbà náà, orí àga tó wà níwájú ilé ni ó ń jókòó. Ilé ẹlẹ́dẹ̀ wà ní ìsàlẹ̀ lẹ́yìn, kò lè dé ibẹ̀. Ṣùgbọ́n láràárọ̀, kí Sùwéébátù tó lọ po oúnjẹ, yóò wá dúró síwájú rẹ̀, Ládélé yóò sì sọ bí yóò ti pò ó: àgbàdo báyìí, eèrí ekùrọ́ báyìí, epo báyìí. Ohun tí ó kù tí ó ń ṣe nínú ilé rẹ̀ nìyẹn.

Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Jẹ̀lílì ló wá ń fi ọ̀kadà gbé òróró náà wá. Kò sí ẹni tí ń gbóòórùn rẹ̀ mọ́. Wọ́n ń dà á lé ti tẹ́lẹ̀ nínú dúrọ́ọ̀mù kan tí ìdérí rẹ̀ ti sọnù, nínú oòrùn, títí tí ó fi dúdú bí oje táyà tó jóná.

Nígbà tí ẹlẹ́dẹ̀ kan kú, Sùwéébátù pe dókítà ẹran. Stella ni orúkọ rẹ̀, ọ̀dọ́bìnrin kan tí ó ń gbé Ajúwọ̀n, tí ó máa ń wá wo adìẹ fún àwọn ènìyàn Mowé. Ó wọ bàtà òjò, ó fọwọ́ kan ikùn àwọn ẹran náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó wo ojú wọn, ó wo ẹnu wọn. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ẹ bá mi wá asẹ́ àtijọ́ kan àti omi, mà."

Ó bu ìgbẹ́ sínú asẹ́, ó ń da omi lé e lórí títí ìdọ̀tí fi ṣàn lọ. Ohun tó ṣẹ́kù, ó gbé e síwájú Sùwéébátù. Àgbàdo tó fọ́ sí méjì, sí mẹ́ta. Sóyà tó ṣì mú dáadáa ní etí.

"Ẹ wò ó, mà. Oúnjẹ àná nìyí. Ó kàn gba inú wọn kọjá ni."

"Àìsàn wo wá ni, dókítà?"

"Kì í ṣe àìsàn tí abẹ́rẹ́ ń wò. Níbo lẹ ti ń lọ àgbàdo yín?"

"Mowé ni."

"Asẹ́ inú ẹ̀rọ wọn ti ya nìyẹn. Ọkà tó bá tóbi báyìí, omi inú ẹlẹ́dẹ̀ kì í ráyè wọ inú rẹ̀ kó tó jáde. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kó kúná bí èlùbọ́ náà o, mà, ìyẹn máa ń dá egbò sí wọn níkùn. Kó rí bíi gàrí tó kúná díẹ̀." Ó fi eyín gé hóró sóyà kan nínú àpò, ó tu ú dànù. "Èyí ò jiná. Sóyà tí iná ò bá ràn dáadáa, kì í jẹ́ kí ara wọn rí okun inú oúnjẹ gbà."

Sùwéébátù kò jiyàn. Òun ló ń yan sóyà báyìí, ó sì mọ bí òun ti ń kánjú sí i, nítorí ẹni tó wà lórí àga ń pè é.

Ìgbà náà ni Stella dé ìdí dúrọ́ọ̀mù. Ó bojú wo inú rẹ̀, ó yí imú kúrò. "Ta ló ní kẹ́ ẹ máa fi èyí sí i?"

Láti ibi tí wọ́n dúró sí, bí ènìyàn bá wo ẹ̀gbẹ́ ilé, yóò rí ẹ̀yìn orí Ládélé lórí àga rẹ̀. Sùwéébátù wo ibẹ̀ kí ó tó dáhùn. "Bàbá Mọ́láyọ̀ ni."

Stella rẹ ohùn sílẹ̀. "Ọ̀rá dára fún wọn, mà. Wọn ò purọ́ fún Daddy. Epo pupa tuntun, tàbí ọ̀rá màlúù tó mọ́, tí kò pọ̀ jù, ara wọn ń gbà á dáadáa. Ṣùgbọ́n èyí ti kú. Iná ti jẹ ẹ́, oòrùn tún ti bá a jà. Ó ń ha ìfun wọn ni. Bí ẹ bá lọ àgbàdo bó ti yẹ, tí ẹ tún da èyí lé e, asán ni."

Lẹ́yìn tí Stella lọ, Sùwéébátù kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àga ọkọ rẹ̀, ó sì sọ ohun gbogbo fún un pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ládélé gbọ́ ti àgbàdo, ó mi orí. Ó gbọ́ ti sóyà, ó mi orí. Nígbà tí ó kan epo, ojú rẹ̀ yí padà.

"Epo yẹn," ni ó wí. "Èmi... ni mo kọ́ ọ."

"Bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi."

"Ọmọdé kan... wá láti Ajúwọ̀n. Ó ní... n kò mọ nǹkan."

"Kò sọ bẹ́ẹ̀, Bàbá Mọ́láyọ̀."

"Ẹsẹ̀ ti lọ. Ọwọ́ ti lọ. Èyí ló kù. Ẹ tún fẹ́... gbà á."

Omi bọ́ lójú rẹ̀, itọ́ sì ń bọ́ ní ẹ̀gbẹ́ ẹnu tó wọ́, kò mọ̀. Sùwéébátù fi etí ìró rẹ̀ nu méjèèjì. "Ẹni kankan ò ní gbà á," ni ó wí. "Bí ẹ ti ní ká máa pò ó náà la ó máa pò ó."

Ó sì ń pò ó bẹ́ẹ̀. Ó ń bu òróró dúdú náà lójoojúmọ́, ó ń yí imú sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ń dà á sínú oúnjẹ àwọn ẹran tí ó ń kú lọ lójú rẹ̀. Ó mọ ohun tí òun ń ṣe. Ẹran ni ó fi ń tu ọkọ nínú.

Ṣùgbọ́n ti àgbàdo, kò sí ẹni tí yóò bínú bí òun bá tún un ṣe. Ó padà sí Mowé. Ẹlẹ́rọ ibẹ̀ ní lóòótọ́ ni asẹ́ òun ti ya, òun ń wá ẹni tí yóò bá òun rọ òmíràn, kí ó fara dà á. Sùwéébátù wá àwọn mìíràn lọ, bákan náà ni wọ́n rí. Gbogbo ìgbà yìí ni ó ń rántí ògiri kan ní Ìfọ̀, níbi tí bàbá rẹ̀ gbé asẹ́ irin kọ́ ní ìtẹ̀léra, ti ògì lọ́tọ̀, ti èlùbọ́ lọ́tọ̀, ti oúnjẹ adìẹ lọ́tọ̀, tí ó ń fi epo pa wọ́n kí wọ́n má bàa dípẹtà.

Ó ra àpò tuntun, ó kó àgbàdo sínú rẹ̀, ó wọ ọkọ̀ akẹ́rù gba ọ̀nà Ọ̀fàdà. Jálẹ̀ ọ̀nà ni irọ́ ń wá sí i lẹ́nu. Kí ó ní ti adìẹ ni. Ta ni yóò mọ̀? Bàbá ń lọ oúnjẹ adìẹ fún àwọn ènìyàn.

Yínúsà wà nídìí ẹ̀rọ nígbà tí ó dé, ìyẹ̀fun funfun lórí irùngbọ̀n rẹ̀. Sùwéébátù kúnlẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́, sà."

"Sùwéébátù. Ṣé àlàáfíà ni?"

"Àlàáfíà ni, sà."

Bàbá bu àgbàdo náà wò lọ́wọ́. "Ọkà tó dára. Ti kí ni?"

Irọ́ náà ti dé ètè rẹ̀, ṣùgbọ́n ojú bàbá rẹ̀ ló ń wò. "Ti ẹlẹ́dẹ̀ ni, sà."

Ìyá kan tí ó jókòó ti agbọ̀n èlùbọ́ rẹ̀ gbé orí sókè. Yínúsà na ọwọ́, ó pa ẹ̀rọ. Ibẹ̀ wá pa rọ́rọ́.

"Ibi tí àwọn ènìyàn ti ń lọ ohun tí wọn yóò jẹ," ni ó wí, "ni o gbé oúnjẹ ẹlẹ́dẹ̀ wá."

"Àgbàdo lásán ni, Bàbá. Wọn ò tíì fi imú kàn án. Àpò náà tuntun ni."

"Kò sí ẹ̀rọ ní ọ̀dọ̀ yín?"

"Wọ́n wà. Àwọn ni wọ́n ń ba ẹran mi jẹ́. Wọ́n ń kú, sà."

"Bóyá Ọlọ́hun ló fẹ́ kí o yọ ọwọ́ níbẹ̀."

Sùwéébátù dìde dúró. "Kí n yọ ọwọ́ kí n fi kí ni bọ́ ọkọ mi? Láti ìgbà tí ó ti ṣubú, Bàbá, ẹsẹ̀ yín kò tẹ ibẹ̀. Ẹ ò bẹ̀ ẹ́ wò. Onígbàgbọ́ ni, mo mọ̀. Ẹlẹ́dẹ̀ ni ó ń sìn, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ọkọ ọmọ yín ni, kò sì lè gbé síbi dé ẹnu ara rẹ̀!"

Kò tíì gbé ohùn sókè sí bàbá rẹ̀ rí láyé rẹ̀. Ẹ̀rù ba òun fúnra rẹ̀. Ó tún kúnlẹ̀, ó dojú kọ ilẹ̀. Wọ́n pe ìrun àsárì ní mọ́sálásí ẹ̀yìn ọjà, Yínúsà mú kẹ́tùrù, ó ṣe àlùwàlá, ó lọ.

Nígbà tí ó dé, ó tan ẹ̀rọ, ó lọ èlùbọ́ ìyá yẹn, ó lọ ti gbogbo ẹni tó wà nílẹ̀. Sùwéébátù jókòó sórí àpò rẹ̀. Ó ti fẹ́ máa wá ọkọ̀ tí yóò gbé e padà ni ó rí bàbá rẹ̀ tó dojú kọ ògiri, tí ó ń sọ asẹ́ kalẹ̀, tí ó ń gbé ọ̀kọ̀ọ̀kan sójú ìmọ́lẹ̀.

"Báwo lo ṣe fẹ́ kó rí?"

"Bíi gàrí tó kúná díẹ̀, sà."

Ó lọ díẹ̀, ó fi àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá ra á, kò tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó pààrọ̀ asẹ́, ó tún lọ ọ́. Nígbà tí ó parí, ó bẹ̀rẹ̀ sí fọ ẹnu ẹ̀rọ. Sùwéébátù fẹ́ gba ìgbálẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, kò fún un.

"Ṣé ó ń jẹun?" ni ó béèrè, kò sì wo ẹ̀yìn.

"Ó ń jẹun, sà."

"Bí o bá tún ń bọ̀, jẹ́ kí èrò ti tán kí o tó dé."

Ìgbà tí wọ́n fi àgbàdo náà bọ́ àwọn ẹlẹ́dẹ̀, tí sóyà náà sì jiná wàyí, àwọn adìẹ Ìyá Jésùlayọ̀mi tú ìgbẹ́ títí, wọn kò rí nǹkan ṣà. Ṣùgbọ́n ìgbẹ́ náà ṣì ń ṣàn. Ó ṣì ń dán. Ẹlẹ́dẹ̀ kan tí ó lágbára jù nínú wọn dùbúlẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ kan, kò dìde mọ́. Sùwéébátù dúró lórí rẹ̀. Ó wo dúrọ́ọ̀mù. Ó wo ilé. Lẹ́yìn náà ó rìn lọ sí fẹ́ǹsì, ó pe Ìyá Jésùlayọ̀mi àti ọkọ rẹ̀.

"Ẹ wá bá mi gbé Bàbá Mọ́láyọ̀."

Ládélé ń béèrè pé níbo ni wọ́n ń gbé òun lọ. Wọ́n gbé e tàgatàga, wọ́n sọ ọ́ kalẹ̀ lẹ́bàá ògiri ilé ẹlẹ́dẹ̀, ibi tí kò dé láti ọjọ́ tí kọ́ọ̀bù ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn tọkọtaya náà yẹra. Ládélé wo àwọn ẹran. Ó wò wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, eegun ẹ̀yìn wọn, ìdí wọn tó ti bó. Ó wo èyí tó kú.

"Ṣé... àwọn nìyí?"

"Àwọn ni."

Ó na ọwọ́ òsì síta. "Gbé epo yẹn wá."

Sùwéébátù bu díẹ̀ sínú igbá. Ládélé ti ìka òsì bọ̀ ọ́, ó ra á, ó gbé e sí imú, ó fi kan ahọ́n, ó sì tutọ́.

"Ó ti kú," ni ó wí. Ó yí ojú sí ìyàwó rẹ̀. "O mọ̀?"

"Mo mọ̀."

"O mọ̀... o sì ń fún wọn."

"Nítorí yín ni."

"Má ṣe bẹ́ẹ̀ sí mi mọ́." Ọ̀rọ̀ náà jáde lẹ́ẹ̀kan náà, kò kọsẹ̀ níbì kankan. "Aláìsàn ni mí. N kì í ṣe... òmùgọ̀."

Wọ́n gbẹ́ ihò, wọ́n da òróró náà sí i. Láti ìgbà náà, epo pupa díẹ̀ ni wọ́n ń rà, kò sì sí èyí tó wọ ilé tí kò kọ́kọ́ dé imú Ládélé. Ó ní kí wọ́n máa gbé àga òun sí ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná, ibẹ̀ ni ó ti ń fi ọwọ́ òsì ro sóyà nínú agbada, tí ó ń fi eyín gé e láti mọ̀ bí ó bá jiná. Ìgbẹ́ àwọn ẹran dì. Irun wọn rọ̀. Àwọn tí ọ̀rọ̀ náà kò tíì pẹ́ lára wọn sanra dé ibi tí oníbàárà fi yìn wọ́n. Àwọn yòókù dúró sí ràrá, wọ́n ń jẹun bí ẹgbẹ́ wọn, wọn kò sì dàgbà. Ìfun tó ti gbọgbẹ́ kò padà sí bí ó ti wà.

Nínú ọyẹ́ ọdún náà, àrùn rọpárọsẹ̀ náà tún kọ lu Ládélé, ó sì gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀ pátápátá. Yínúsà gbọ́, ó wá. Kò wọlé. Ó jókòó ní iwájú ilé Ìyá Jésùlayọ̀mi, wọ́n gbé Ládélé jáde lọ bá a ní òpópónà. Bàbá di ọwọ́ òsì ọkọ ọmọ rẹ̀ mú, ó ṣe àdúà gígùn, Ládélé sì ń sunkún láìsí ohùn. Wọ́n fún bàbá lómi, kò mu. Ó kí ọmọ rẹ̀ pé ó kú ìtọ́jú, ó wọ ọkọ̀ padà sí Ìfọ̀.

Òjò àkọ́rọ̀ ni wọ́n fi sin Ládélé.

Mọ́láyọ̀, ọmọ wọn, tó ti jáde ilé ìwé nígbà yẹn, ní kí ìyá òun ta àwọn ẹran tó kù, kí ó wá bá òun gbé ní Èkó. Sùwéébátù ní òun yóò rò ó, kò sì lọ. Ó ṣì ń sin ẹlẹ́dẹ̀, kò pọ̀ bí ti àtijọ́. Bí ó bá ń ro sóyà lórí iná, ohun tí ó máa ń wá sí i lọ́kàn kì í ṣe ikú ọkọ rẹ̀. Àwọn ọ̀sẹ̀ tí òun fi mọ̀ tí òun kò sọ ni. Ó ń rò ó pé ká ní òun ti gbé ọkọ òun lọ sí ìdí ògiri ilé ẹlẹ́dẹ̀ lọ́jọ́ tí dókítà wá, ì bá ti pẹ́ díẹ̀ sí i lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, tí ó ń fi ọwọ́ òsì ṣiṣẹ́, tí ó jẹ́ ọkùnrin nínú ilé rẹ̀.